Ọba Tó Pín Ogún Ara Rẹ̀

Ní ọjà Òkè Àrin, níbi tí a tò sí láti ra mílíìkì, obìnrin kan ń ròyìn eré tí ọmọ rẹ̀ ṣe nílé ìwé fún èkejì rẹ̀ lórí ìlà.

"Ọba òyìnbó kan, arúgbó, pín gbogbo ohun tó ní fún àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ lójú ayé ẹ̀. Ni wọ́n bá lé e sínú òjò."

"Bàbá tó bí wọn?"

"Ẹ̀bi tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó pín ogún ara ẹ̀ ti kú, sísin ló kù."

Sísin ló kù. Ìlà sún síwájú, èkejì ò sún.

"Bàbá wa pín ilé Lafiaji fún wa lọ́dún tó kọjá. Yàrá wọn ló kàn mí. Mo ti ń kó ọjà sí i."

"Ibo wá ni bàbá ń sùn?"

"Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn."