Iná Tí Kì Í Wọ́n Lóru

Níbi tí a tò sí ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa kan ní Stapleton, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́.

"Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá gba ètò tuntun yẹn, iná ò ní wọ́n láti ago méjìlá òru títí di ago mẹ́jọ àárọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Iléeṣẹ́ iná ló kọ lẹ́tà sí gbogbo wa."

"Ẹni tó ń ta iná ló wá ń kọ́ mi bí mi ò ṣe ní náwó lórí iná. Ìyẹn ò kọ ẹ́ lóminú? Firísà mi tó kún fún ẹran ewúrẹ́ ńkọ́, ṣé kó má tutù lọ́sàn-án ni?"

"Aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sóru, mà."

"Ago mélòó lo lọ èyí tó o wọ̀ yìí?"

"Ago mẹ́rin ìdájí. Ó ti mọ́ mi lára. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń dìde lọṣọ n'Ìbàdàn tí iná bá dé lóru."

Ìyá náà wò ó tòkètilẹ̀. "Ìbàdàn lo ṣì wà."

Látọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù lóru, mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wo ìta, kí n mọ ìlú tí mo wà.