Má Tọ̀ Síbí

Nínú takisí tó ń gbé wa bọ̀ ní Ìdànrè láti Àkúrẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fapá jánú fún obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Àǹtí, mo tún fáìlì yẹn ṣe láàárọ̀, ó ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ṣe tún to kóòdù pọ̀ di áàpù báyìí, àtúnṣe mi pòórá! Oníbàárà sì fẹ́ wò ó lọ́la."

"Ṣé ìwọ lo kọ fáìlì náà?"

"Rárá o. Àmì kékeré ni mo fi sórí kóòdù mi. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń tò ó pọ̀, tó bá rí àmì yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ fáìlì jáde."

"Gbogbo ìgbà tó bá tò ó pọ̀ náà ló máa kọ tuntun lé tìẹ lórí. Àmì yẹn ni kó o lọ tún ṣe. Kí ni wọ́n kọ sókè fáìlì ọ̀hún?"

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Àǹtí, gbogbo ògiri Odode ní Ìdànrè wa níbí ni wọ́n kọ 'Má tọ̀ síbí' sí. Ta ló ń gbọ́?"

"Onílé ló kọ tara ògiri, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín. Ẹ̀rọ ló kọ ti fáìlì, kì í bẹ èèyàn ní tiẹ̀, ńṣe ló máa pa tìẹ rẹ́."

Nígbà tí mo fi máa bọ́ sílẹ̀ ní Odode, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí gidi. Mo dé ìdí ògiri tí mo máa ń lò, mo ka àkọlé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin inú takisí yẹn sọ sí mi lọ́kàn, pé ẹ̀bẹ̀ ni onílé ń bẹ̀. Mo fún itan pọ̀, mo rìn délé.