Sìgá Dúdú tí Ọmọ Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá

Ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ akẹ́rù l'Ọ́sì, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín bàbá àgbẹ̀ kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń padà sí Èkó.

"Bàbá, ọmọ yín ní kí n bi yín bí sìgá dúdú ńlá tó fi rán mi sí yín ṣe rí."

"Mo ti mu ún. Mo já a wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò tábà mi."

"Háà! Odidi ni wọ́n ń mu ún, Bàbá!"

"Odidi tàbí wẹ́wẹ́, ewé ni. Èmi tí mo ń gbin tábà láti kékeré! Ó lọ́ràá, ó sì fi adùn èèpo iṣu sísun sílẹ̀ lẹ́nu. Tábà yẹpẹrẹ a máa ta èèyàn lọ́fun. Eléyìí ò pariwo, ńṣe ló jókòó sọ́fun mi bí àgbà."

"Kí n sọ fún un pé ó dára nìyẹn?"

"Kò lábùkù. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọ ní í gbé ògúnná wá fún tábà bàbá rẹ̀. Sọ fún un pé èmi fúnra mi ni mo dìde lọ múná."