Igi Inú Bàtà

Láyé ìjọba òyìnbó, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ìpakòdó, mò ń dúró de àga mi, ni aboyún kan wọlé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, ó gbé bàtà aláwọ ọkùnrin kalẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi gbẹ́ igi tí n ó kì bọ inú rẹ̀, kó má baà hunjọ.”

Bàbá káfíńtà mú igi kédárì kan. “Bàtà gidi nìyí. Kédárì yìí á fa gbogbo òórùn ẹsẹ̀ inú rẹ̀ tán, á sì máa ta sánsán.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kédárì gbẹ́ ẹ.”

“Ọmọ mi, igi wo ló tún dára jù ú lọ?”

“Èyí tí kò ní fa nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi ò ya fọ́tò rí, bàbá. Bí ọmọ yìí bá dàgbà, tó ní kí n fi bàbá òun han òun, kí ni n ó fà yọ?”

Bàbá dá kédárì padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú afárá, igi funfun tí kì í rùn. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi di kédárì mú, kó tó tún fọwọ́ kan bàtà náà.