Ohun Tí Mo Kọ Nípa Ikọ́ Bàbá Fágbénró

Ẹ̀yin ará abúlé wa lẹ́yìn ìlú Glei ní Togo, n kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Èmi Ìbíọlá ni mo ti ilé-ìwé wa pa lọ́dún kòrónà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún bà mí. Ẹ rántí ìpàdé baálẹ̀: ó ní kí ilé ọtí Tàntí Dorothée, àbúrò ìyá mi, àti ilé-ìwé ṣì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti kó ikọ́ ni a ó tì. Músíè Modeste, olùkọ́, ní, “Baálẹ̀, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọtí kì í gbàgbé nǹkan, ọmọ máa ń gbàgbé.” Tàntí ní, “Ẹ gbọ́ ẹni tó ń mu igbá mẹ́ta kó tó kí èèyàn!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nítorí pé mo mọ̀wé kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé àyálò ni mo ti kọ́ ọ, èmi ni wọ́n ní kí n máa bi àwọn tó bá ń wúkọ́ léèrè, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Fágbénró ló kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi àti àlejò kan láti Anié la jọ fẹnu kan igbá ọtí ṣúkútù nílé Tàntí ẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń mu ún. Àlejò náà ló ń wúkọ́.” A ti fa àga jìnnà síra bí ìjọba ṣe ní ká ṣe, ṣùgbọ́n igbá ọ̀rẹ́, ta ló máa kọ̀ ọ́? Tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ti ilé ọtí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni Étienne, awakọ̀ tasí tó ń yá mi ní ìwé ìtàn, máa ń dúró sí. Apá kejì ìwé tí mo ń kà wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo torí ẹ̀ ṣe ibi! Mo kọ ọ́ pé Mojọlá, ọmọ-ọmọ Bàbá, ló kó àìsàn wálé láti ilé-ìwé. Ọmọ náà kò wúkọ́ rí. Tàntí, tó bu ọtí fún wọn fúnra rẹ̀, bi mí pé, “Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó dáa,” ó lọ fọ igbá.

Wọ́n ti ilé-ìwé. Bàbá kú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mojọlá, ọmọ ọdún méjìlá, wá bá mi níbi tí mo ti ń kàwé. “Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣé èmi ni mo pa Bàbá?” Mo fi ìka sójú ewé kí ibi tí mo dé má baà sọnù. Mo ní, “O ò mọ̀ọ́mọ̀.” N kò ṣe ohun tó burú jù yẹn láyé mi.

Nígbà tí wọ́n tún ilé-ìwé ṣí, Mojọlá kò padà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jẹun nínú àwo kan mọ́. Ó ti dàgbà báyìí; lóṣù tó kọjá ó bímọ, mo lọ kí i. Ìyá àgbà rẹ̀ na ọwọ́ kó gbé ọmọ, Mojọlá fa ọmọ náà sẹ́yìn: “Ẹ má sún mọ́ wa, Ìyá. Èémí wa ń pa àgbà.” Ọwọ́ ìyá náà wà ní nínà títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ kọ. Mojọlá, n kò retí pé kó o dárí jì mí lónìí. Ìwọ kọ́ lo pa Bàbá. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọ. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí Ìyá gbé ọmọ náà.