Mo Fi Oògùn Ọkọ Mi Pamọ́ Sísàlẹ̀ Àpótí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì bínú sí mi títí ẹ ó fi kà á dópin. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi wà nínú yàrá kejì bí mo ti ń kọ èyí, nínú ilé wa ní Ìsìkàn, l'Àkúrẹ́. Ó ti ń lọ sí oṣù keje báyìí tí kò ti lọ síbi iṣẹ́ kankan. Oúnjẹ tí mo gbé fún un láàárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, eṣinṣin ti ń bà lé e. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí. Ó gbà pé òun lòun pa bàbá òun. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Oǹdó náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ sí i létí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Mo mọ ẹni tó jẹ̀bi, torí pé èmi gan-an ni, mo sì dákẹ́. Irú ìyá wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ọmọ Oǹdó ni, èmi jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́. Títí tó fi kú ló ń fi èdè wa ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ti ṣèèṣì pe ilé ní "ulé", á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọléèwé nípa aṣálẹ̀ láìfi ojú ara rẹ̀ kan ọ̀kan rí. Ó máa ń ya ràkúnmí sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín nítorí pé ràkúnmí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ewúrẹ́ tó ru igi. Ọdún kọkànlá tí a ṣègbéyàwó ni Ọlọ́run tó fún wa lọ́mọ, a sì sọ ọ́ ní Morẹ́nikẹ́. Rẹ́ni ni àwa ń pè é. Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, ó ń tọ́jú oko kòkó kékeré kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Bọ́lọ́rundúró. Rẹ́ni ní tirẹ̀ ti di nọ́ọ̀sì, ó ti rí iṣẹ́ sí ilẹ̀ Saudi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún mi. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá ni Rẹ́ni pè wá lórí fóònù pé òun fẹ́ gba ìsinmi, òun sì fẹ́ ká wá bá òun ní ilẹ̀ Jọ́dánì, ká lo ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní a máa dé odò tí wọ́n ti ri Jésù bọmi, lẹ́yìn náà a máa lọ sí ìlú àtijọ́ kan tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta láàárín aṣálẹ̀. "Dádì, ẹ máa rí ràkúnmí gidi," bó ṣe wí nìyẹn. Ọkọ mi kàn ń mi orí lójú fóònù bí ọmọdé. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nítorí pé òótọ́ ló kù tí mo lè sọ: kì í ṣe odò, kì í ṣe àpáta ló wà lọ́kàn mi. Nínú ìjọ wa, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti lọ sí ilẹ̀ mímọ́ tán. Wọn kì í pe orúkọ wọn lórí pẹpẹ láìfi "JP", oyè ẹni tó ti dé ilẹ̀ mímọ́, sí i lẹ́yìn. Èmi nìkan ni wọ́n ń pè ní ìyáàfin lásán. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn ìyá ìjọ ti gbọ́. Mo ti rán aṣọ. Mo ti ra bàtà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká gbéra ni ẹsẹ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tó bá ti oko dé, á dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun àtẹ̀gùn iwájú ilé wa, àtẹ̀gùn tí kò ju mẹ́fà lọ. A lọ sí ilé ìwòsàn kan níbí l'Àkúrẹ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ya àwòrán àyà rẹ̀, ó wá jókòó tì wá. Ó ní, "Bàbá, ọkàn yín ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú yín fún oṣù mẹ́ta ná kí ẹ tó rin ìrìn àjò kankan. Tó bá sì di dandan kí ẹ lọ, ẹ ò gbọdọ̀ gun òkè, ẹ ò gbọdọ̀ rìn nínú oòrùn." Ó fún un ní ìgò oògùn kékeré kan, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀, pé bí àyà bá ti ń fún un, kó fi hóró kan sábẹ́ ahọ́n.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ọkọ mi ní, "Ìyá Rẹ́ni, jẹ́ ká pe ọmọ yìí. Ká sún un síwájú díẹ̀."

Mo ní, "Dádì Rẹ́ni, ẹ má dán an wò. Nọ́ọ̀sì ni. Tó bá fi lè gbọ́, ó máa fagi lé gbogbo ẹ̀ ni, a ò sì ní lọ mọ́ láéláé. Àwọn dókítà fẹ́ràn kí wọ́n máa dẹ́rù ba èèyàn. Ẹ kàn rọra máa rìn níbẹ̀."

Ó wá ní, "Ó dáa náà." Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi títí di òní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ dùn, n kò ní parọ́. Èmi ni mo ń gbé oògùn náà sínú àpò ọwọ́ mi kí Rẹ́ni má baà rí i lápò bàbá rẹ̀. Ọkọ mi rí ràkúnmí. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, tèmi ò jọ yín rárá." Rẹ́ni rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá ni ọjọ́ ìkẹyìn wa. Òtẹ́ẹ̀lì tí a wà kò jìnnà sí ìlú àtijọ́ náà, ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sí pápákọ̀ òfurufú sì máa dé ní ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, èmi àti Rẹ́ni ń di ẹrù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbé àpò ọwọ́ yín wá, kí n bá yín to ìwé ìrìnnà sí i." Kí ó tó yíjú, mo ti yọ ìgò oògùn náà, mo fi gèlè wé e, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí ńlá. Èrò mi ni pé tó bá ti jáde, màá mú un padà. Ó jáde. N kò mú un. Ṣé mo gbàgbé ni, àbí mo ní kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tó kù? Mo ti bi ara mi títí, n kò mọ̀ mọ́.

Ibì kan ló kù tí a kò tíì dé nínú ìlú náà: ilé ńlá kan tí wọ́n gbẹ́ sórí òkè, tí èèyàn á gun àtẹ̀gùn òkúta lọ jìnnà kó tó débẹ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, oòrùn ti mú. Ọkọ mi rí òkúta kan lábẹ́ ìbòòji, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ máa bá mi níbí."

Rẹ́ni yíjú sí i. "Dádì, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín? Ṣé ara yín le?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu bàbá ni ìdáhùn yẹn ti yẹ kó wá. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Ara rẹ̀ le. Ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ṣé torí ká lè wá jókòó sórí òkúta la ṣe ti Àkúrẹ́ wá síbí? Ẹ dìde jọ̀ọ́, ká ya fọ́tò àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lókè." Fọ́tò ló wà lọ́kàn mi. Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn ìyá ìjọ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ mi wò mí. Ìwò yẹn kì í ṣe ti ìbínú. Ó dà bí ẹni tó ń bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo gbójú kúrò. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó tẹ̀ lé wa.

Ó gùn ún dé òkè. Bó ṣe gùn ún, n kò mọ̀. A dúró níwájú ilé àpáta náà, àlejò òyìnbó kan bá wa ya fọ́tò, ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ìjọ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ ni Rẹ́ni ṣíwájú wa díẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà, ọkọ mi di apá mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú oòrùn yẹn. Ó fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀, kí ọmọ má baà gbọ́: "Ìyá Rẹ́ni, oògùn yẹn dà?"

Mo ṣí àpò ọwọ́ mi. Mo ń wá ohun tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń wá a. Kí n tó lanu, orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀, ó ti ṣubú.

Mo kígbe. Rẹ́ni sáré padà, ó sọ ẹrù ọwọ́ rẹ̀ nù, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà bàbá rẹ̀. Ó ń kà á sókè bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òógùn ń ro sí bàbá rẹ̀ lójú. Láàárín kíkà yẹn ló béèrè lọ́wọ́ mi láìgbójú sókè: "Mọ́mì, ṣé Dádì ní àìsàn ọkàn? Ṣé oògùn kankan wà tó ń lò?"

Mo ní, "Rárá."

Ọmọ mi ń jà fún ẹ̀mí ọkọ mi níwájú mi, mo sì wí fún un pé rárá! Ìtìjú ló dì mí lẹ́nu. Nínú àpò tí mo gbé dání, fóònù mi ń dún léraléra: àwọn ìyá ìjọ ti rí fọ́tò náà, wọ́n ń kí mi kú oríire. Rẹ́ni kò dáwọ́ dúró títí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi gbé ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn dé, tí ọ̀kan nínú wọn fi rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. Awọ orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó.

A gbé òkú ọkọ mi wá sílé, a sin ín sí Oǹdó. Fọ́tò orí òkè yẹn ni wọ́n fi ṣe iwájú ìwé ìsìnkú, torí pé ó rẹwà. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, dìde láàárín ẹbí, ó nàka sí ọmọ mi. Ó ní, "Kí ni àbúrò mi ń wá nínú aṣálẹ̀? Tó bá jẹ́ òkè lo fẹ́ kó gùn, ṣé òkè Ìdànrè ò tó ni? Ìwọ lo fi owó ara rẹ gbé e lọ pa." Rẹ́ni dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó dojú délẹ̀ níwájú wọn. Mo jókòó tì í. Wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún pé kí n ṣọkàn gírí. Mo gbà kí wọ́n rẹ̀ mí lẹ́kún.

Láti ìgbà náà ni kò ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ pé bàbá òun ń ṣàìsàn, ta ló tún fẹ́ tọ́jú? Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ó wá jókòó tì mí. Ó ti pẹ́ tó ti wá jókòó tì mí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rántí dáadáa. Ṣé Dádì ò sọ nǹkan kan fún yín rí? Kó tiẹ̀ jẹ́ pé àyà ń dùn ún? Tí mo bá lè mọ̀ pé ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá mo lè sùn." Mo ń wo ẹ̀wà. Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, ọmọ mi." Ó mi orí, ó dìde, ó wọlé lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ yìí ti béèrè nǹkan kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo fi parọ́ dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, tí dókítà bá bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ níṣojú yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́. Ìyẹn nìkan ni ìkìlọ̀ tí mo ní, ó sì ti pẹ́ jù fún èmi. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a máa lọ sí Oǹdó, wọ́n fẹ́ fi òkúta lé ibojì rẹ̀. Màmá Àgbà máa wà níbẹ̀, gbogbo ẹbí máa wà níbẹ̀, Rẹ́ni ti gbà láti bá mi lọ. Mo ti pinnu láti sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn, kí wọ́n lè kọjú ọ̀rọ̀ sí ẹni tó ni ín. Mo mọ̀ pé ọmọ yìí lè má pè mí ní ìyá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti àná ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, tí mo ń gbìyànjú bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ohùn mi kì í kọjá orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ fún ọmọ yín rí, ẹ bá mi wá gbólóhùn àkọ́kọ́. Tí mo bá ti rí ìyẹn, màá sọ ìyókù fúnra mi.