Àmì Pupa Orí Fáàfù

Kí ẹ tó kan pátákó yẹn mọ́ ara ilé tuntun, kí ẹ tó kọ "Yàrá Norman Sugden" sí i fún àwọn ọmọdé láti máa kà, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ irú ẹni tí ẹ fẹ́ bu ọlá fún. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé bóyá ni mo fi máa rí ìgbà tí ewé tuntun máa yọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọdún kanlélógójì ni mo ti ń pa irọ́ kan mọ́ sẹ́nu, ẹnu kan náà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín níṣẹ́. Lónìí, ẹnu ọ̀hún á sọ òótọ́, bí mi ò tilẹ̀ lè mí dáadáa. Akọ̀wé, ìwọ ni mo ní kí o kà á sókè níbi ìpàdé ọdún. Má fo ìlà kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o dákẹ́, sọ fún un pé Norman ní kó lọ jókòó.

Gbogbo ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ àwa tí ń fọwọ́ ṣe ẹ̀rọ kékeré lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi bàsá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Cragley lọ́dún 1983, tàbí kí n sọ pé ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ pé bọ́ílà, ìkòkò tí omi ti ń hó lára ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ọmọ kíláàsì àárọ̀ Sátidé ṣe, ló tú, tó sun ojú Darren Holroyd, ọmọ ọdún méje. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Lorraine, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló fà á, nítorí pé ó fi sípánà yí fáàfù mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, mo sì bu ọwọ́ lù ú. Irọ́ ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rọ irọ́ náà.

Inú páálí ni ẹ̀rọ ọ̀hún ti wá, bí ẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n máa ń wá: irin mélòó kan tí wọ́n ti yọ́ dà, tí ojú wọn ṣì rí ṣákiṣàki, ọ̀pá idẹ, páìpù bàbà, àti ìwé àwòrán kan. Ọmọ mẹ́fà ló fi oṣù mẹ́jọ tò ó, Lorraine nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Bí àwọn ọmọkùnrin bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù, òun á máa ha irin tirẹ̀ jẹ́jẹ́, á gbé rúlà irin lé e, á gbé e sí iwájú gílóòbù, á dijú kan. Lọ́jọ́ kan, mo ní iṣẹ́ náà ti dáa tó, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Sugden, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá." Mo ní, "Ìmọ́lẹ̀ wo?" Ó ní, "Ẹ wò ó níbí." Mo wò ó. Òótọ́ ló sọ, irin náà ò tíì tẹ́jú. Inú mi dùn pé ọmọ náà lójú iṣẹ́, inú sì tún bí mi díẹ̀ pé ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣìṣe lásán ni ohun tí mo ṣe.

Òun ló tò fáàfù. Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà níbẹ̀, fáàfù ni ihò tí bọ́ílà fi ń mí: bí ooru omi inú rẹ̀ bá ti le jù, á ṣí, á tú u dànù. Bí ẹ bá yí nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, kò ní ṣí mọ́ láéláé. Mo kọ́ àwọn ọmọ pé bí a bá ti tò ó tán, ká fa ìlà ọ̀dà kan láti orí nọ́ọ̀tì wá sí ara fáàfù, kí ó lè hàn bí ẹnì kan bá lọ fọwọ́ kàn án. Lorraine mú kútẹ́ẹ̀sì ìyá rẹ̀ wá láti ilé, pupa fòò, ó sì fa ìlà náà tààrà. Ó ní, "Ẹ wá wò ó. Kò sẹ́ni tó lè yí i kí n má mọ̀."

Ẹ sì mọ òfin wa kejì. Kí iná tó wọ abẹ́ bọ́ílà tuntun, omi tútù la ó fi dán an wò. A ó fi pọ́ńpù ti omi sínú rẹ̀ títí yóò fi gbé ìlọ́po méjì agbára ooru tó máa fi ṣiṣẹ́. Bí ibì kan ò bá dúró, omi á kàn sun jáde ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Èmi ni olùyẹ̀wò bọ́ílà fún ẹgbẹ́ yìí. Láìsí ìbuwọ́lù mi, ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ rí iná.

Ọjọ́rú tó ṣáájú bàsá, nǹkan kan ló kù: òrùka idẹ tí wọ́n máa ń yí fáàfù wọ̀, tí a gbọ́dọ̀ fi fàdákà jó mọ́ orí bọ́ílà. Fàdákà ti tán. Mo lè wọ ọkọ̀ lọ sí Leeds kí n lọ rà. Mo lè ní kí a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu nílé ọtí pé ẹ̀rọ àwọn ọmọ mi á yí lójú gbogbo ìjọ, ìtìjú sì pọ̀ lójú mi ju ẹ̀rù lọ. Òjé ni mo fi jó o, òjé tí wọ́n fi ń dí gọ́tà omi òjò. Ọmọ iṣẹ́ oṣù kan mọ̀ pé òjé kì í bá iná gbé. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kun ọ̀dà dúdú lé e lórí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nítorí náà ni mi ò ṣe gbé pọ́ńpù jáde: mo mọ̀ pé omi á tú mi fó.

Lọ́jọ́ kejì, Lorraine yà láti ilé ìwé. Ó yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Sugden, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì fi omi dán an wò o."

"Mo ti dán an wò."

"Ìgbà wo? Eruku ṣì wà lórí pọ́ńpù."

"Lorraine, ṣé ìwọ lo bí mi ni? Ìyá rẹ ò tíì mọ ọ̀nà ilé ìwé tí mo ti ń jó bọ́ílà. Gbá ilẹ̀ yẹn kí o máa lọ sílé."

Ó gbálẹ̀. Ó gbá abẹ́ tábìlì pàápàá, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Ìgbà tó lọ tán ni mo bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn ìjọ kún dẹ́nu. Tíì ń hó lápá kan, kéèkì wà lórí tábìlì lápá kejì, ẹ̀rọ wa wà láàárín, okùn yí i ká. Darren ń na ọrùn lẹ́yìn okùn, ó sì ń rákò bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lorraine pariwo mọ́ ọn pé, "Darren! Padà sẹ́yìn! Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ?" Èmi aṣiwèrè, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Jẹ́ kí ọmọ rí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jàre." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ náà kọjá okùn, mo gbé e kalẹ̀ sí iwájú bọ́ílà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Ẹ̀rọ náà yí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Lorraine sì ń rẹ́rìn-ín teyín-teyín, mi ò rí i kó tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún pọ́ọ̀, kò tilẹ̀ dún sókè. Òrùka já, òun àti fáàfù fò lọ, ooru omi funfun kan sì tú jáde lọ bá ojú Darren. Igbe rẹ̀ wà létí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ó tì o. Ìyá rẹ̀ ti bá wọn gbé ọmọ náà lọ ọsibítù nígbà tí mo rí fáàfù lábẹ́ tábìlì kéèkì. Ìlà pupa Lorraine ṣì tọ́ gbọnrangandan bó ṣe fà á. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ara òrùka ni òjé ti ń kọ mànà. Bí mo ṣe gbójú sókè, Eric Greenwood, alága wa nígbà yẹn, ló dúró lé mi lórí.

"Òjé nìyẹn, Norman."

"Mo mọ̀."

"Bí àwọn adójútòfò bá rí i, ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn. Ìwọ gan-an á fi ẹ̀wọ̀n jura."

"Kí ni ká ṣe?"

Ó wo fáàfù títí, ó ní, "Ọ̀dọ̀ ta ni sípánà kékeré wà?" Àwa méjèèjì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Lorraine ni. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo fèrèsé.

Mo tú òrùka kúrò lára fáàfù, mo kì í bọ àpò. Sípánà tèmi wà lọ́wọ́ mi. Mo yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìlà pupa náà já sí méjì lójú mi, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Àmì tí ọmọ yẹn fi dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi dá a lẹ́bi. Mo dìde, mo sì ké sí gbogbo yín pé, "Ẹ wá wo nǹkan. Ẹnì kan ti yí i."

Jack, bàbá Lorraine tó ń wa bọ́ọ̀sì, ní, "Lorraine, sípánà dà?" Ó yọ ọ́ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Dádì, mi ò yí i. Ọ̀gbẹ́ni Sugden, ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní ká fi omi dán an wò." Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, tí ẹ ti fi ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ irin? Ta ni nínú yín tó béèrè ibi tí òrùka wà? Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín ni pé, "Ọmọbìnrin! Kí ló tilẹ̀ gbé e dé ìdí iná?" Irọ́ mi dùn mọ́ yín nínú. Èmi ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kó ni mí lára.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Jack fi bi ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ní òun kọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n mú un wá sílé mi, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Sugden. Èmi ni mo yí i." Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, "Ó ti tán, ọmọ mi." Ọwọ́ yẹn ì bá ti rọ níbẹ̀.

Ojú òsì Darren ò ríran mọ́. Lorraine ò fọwọ́ kan irin mọ́. Ilé ìdáná ilé ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Eric kú, a kọrin lé e lórí, mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Mo rò pé bí èmi náà á ṣe lọ nìyẹn, pẹ̀lú òdòdó àti orin.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, obìnrin kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí kíláàsì wa. Isla ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Obìnrin náà ò wọlé, ó dúró sí géètì. Mo lọ bá a. Lorraine ni.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Sugden, òun ló ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ fáàfù. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe."

Mo ní, "Lorraine, ṣé o rántí pé o yí i?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò rántí mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé mi ò ṣe é. Àmọ́ ta ló tún lè ṣe é? Darren ti dárí jì mí kó tó kó lọ sí Kánádà. Ọlọ́run mọ̀ pé ó ṣèèyàn."

Ẹ gbọ́? Àbúrò rẹ̀ dárí jì í! Mo wọ inú orí ọmọ náà lọ, mo jí ohun tí ojú rẹ̀ rí, mo sì fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún dúró ní géètì yẹn, mo ní, "Má ṣèyọnu, màá ṣọ́ ọ." Ojo ni mí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ojo ni mí ní oṣù kẹwàá. Bí ikú ò bá rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn báyìí, ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò bá má tíì sọ̀rọ̀.

Agolo tábà kan wà pẹ̀lú ìwé yìí. Akọ̀wé, ṣí i, kí o gbé e yíká kí olúkúlùkù fojú rí i. Òrùka náà nìyẹn. Òjé ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ya ojú ewé ọdún 1983 kúrò nínú ìwé ìpàdé, kí ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí Darren ní Kánádà. Kí ẹ tó jẹun alẹ́, kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn Lorraine, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mi orí lọ́jọ́ náà tí ẹ ṣì wà láyé, kí ẹ bọ́ fìlà. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Òun ni mo ń bẹ̀, bí kò bá sì gbẹ̀bẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Isla, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ: bí àgbàlagbà kan bá sọ fún yín pé òun ti dán an wò, ẹ wo orí pọ́ńpù bóyá eruku wà níbẹ̀. Bó bá ń pariwo mọ́ yín, ẹ tún bi í.

Lorraine, ìwọ kọ́. O ò fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo ní ká fi omi dán an wò.